Yíyan táyà àrọ́pò fún ọkọ̀ tó ń jẹ táyà

Yíyan táyà àrọ́pò fún ọkọ̀ tó ń jẹ táyà jẹ́ iṣẹ́ tó pín sí ọ̀nà méjì: mímọ ìdí tí táyà àtijọ́ fi jẹ ní apá kan ju apá kejì lọ, àti wíwá òmíràn tó bá ìwúwo ọkọ̀, rímù rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń tọ̀ mu. Ní àwọn ilẹ̀ tí táyà tuntun ti wọ́pọ̀, apá kejì ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Ní ìlú Èkó, níbi tí púpọ̀ nínú táyà tí wọ́n ń tà ti jẹ́ tòkunbọ̀, apá kìn-ín-ní ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń fò dá jù.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ pọ̀ ní agbègbè ọjà Tejúoṣó ní Yaba. Iná jó ọjà náà ní 2007, a sì ṣí ilé alájà tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀ ní 2014. Aṣọ, bàtà àti oúnjẹ ni ọjà yìí fi lókìkí, kì í ṣe táyà. Ṣùgbọ́n àwọn dánfó àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó èrò àti ẹrù wọ ibẹ̀ láti Mushin, Sùúrùlérè, Ojúẹ̀lẹ́gba àti Ọ̀yìngbò kò lè ṣe kí wọ́n má kọjá lọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà tó jókòó sí etí títì pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ọpọ́n omi àti òkìtì táyà àlòkù. Láti Yaba kan náà ni ọ̀pọ̀ dánfó ti ń gun afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 11.8. Táyà tó bá bẹ́ lórí afárá yìí kò bẹ́ síbi tí ọkọ̀ ti lè yà bàrá. Ìdí nìyí tí ìpinnu tó ń wáyé láàárín awakọ̀ àti fọkanáísà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ agboòrùn fi kan èrò mẹ́rìnlá tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò

Nínú èdè Yorùbá, ọkọ̀ a máa jẹ epo, a sì máa jẹ táyà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìmọ̀ ẹ̀rọ mu ju bí ó ti ń dún létí lọ, nítorí pé nígbà tí táyà bá jẹ láìdọ́gba, ọkọ̀ ni olùṣe, táyà ni ó ń faragbá a. Ẹni tó bá sọ pé «táyà yìí kò dára» lè ti dá táyà lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí irin abẹ́ ọkọ̀ dá.

Tòkunbọ̀, tí ó túmọ̀ sí ẹni tó ti òkun bọ̀, jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí a sì gbé wálé. Láti ara orúkọ ènìyàn ni ó ti ràn dé ara ọkọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù, aṣọ àti táyà tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí wọ́n tó kó wọn wá sí Nàìjíríà. Fọkanáísà ní tirẹ̀ ti ara orúkọ òrìṣà iná àwọn ará Róòmù àtijọ́, Vulcan, wá. Orúkọ òrìṣà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ̀nà tí a ń gbà fi ooru àti imí ọjọ́ sọ rọ́bà di ohun tó le, èyí tí Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà ṣàwárí rẹ̀ ní 1839. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà di orúkọ ẹni tó ń lẹ táyà, tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, tó sì ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ojú táyà ń sọ

Ojú táyà ni ibi tó ń fara kan títì. Ó ní ilà jíjìn tí omi òjò ń gbà sá, àti eyín rọ́bà tó wà láàárín àwọn ilà náà. Nínú ilà jíjìn wọ̀nyí ni àwọn tó ń ṣe táyà fi òkè rọ́bà kékeré sí níbi mélòó kan yíká, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.6. Nígbà tí eyín táyà bá jẹ dé ibi tí ó ti bá òkè kékeré yìí dọ́gba, táyà náà ti tán. Tí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo lójú táyà ló dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, táyà náà ti tán síbẹ̀, bí apá yòókù tilẹ̀ dà bí tuntun. Eyín tó kù ní apá kejì kò lè ṣiṣẹ́ fún apá tó ti dán.

Kí a tó tú táyà, ó yẹ kí a fi ẹfun sàmì sí i: iwájú tàbí ẹ̀yìn, ọ̀tún tàbí òsì, àti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta. Táyà tí a ti tú tí a sì ti yí sínú òkìtì kò lè jẹ́rìí mọ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ojú wò ó, tí a ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lọ ra á bọ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ìta sí ẹ̀gbẹ́ inú.

Bí èjìká táyà méjèèjì bá jẹ tí àárín sì ṣẹ́kù, afẹ́fẹ́ ni kò tó, tàbí kí ẹrù ti ju agbára táyà lọ. Ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì lójú táyà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀, ó máa ń nà, ó sì máa ń tẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà tó bá yí, títẹ̀ yìí a sì máa dá ooru sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ooru yìí gan-an ló ń pa táyà, ju jíjẹ èjìká lọ. Bí àárín bá jẹ tí èjìká sì ṣẹ́kù, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Èyí wọ́pọ̀ níbi tí fọkanáísà bá ti ń fi ojú wọn afẹ́fẹ́, tàbí tó ń fi irin kan táyà kí ó lè gbọ́ bí ó ti ń dún. Etí ò lè rọ́pò géèjì: táyà tí psi rẹ̀ jẹ́ 45 àti èyí tó jẹ́ 60 lè dún bákan náà, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wọn lórí ọkọ̀ tó kún fún èrò kò kéré.

Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ ju èkejì lọ, táyà kò dúró ṣánṣán lórí títì, tàbí kò kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Nígbà tí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú ló jẹ, ewu rẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ìta ni awakọ̀ ń rí nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ wo ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Wáyà lè ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ inú fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kí a ṣẹ́ ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin sí apá kan, kí a wá bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú, jẹ́ àyẹ̀wò tí kò gba owó kankan.

Nígbà mìíràn, ojú kò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń yọ̀ geere nígbà tí a rà á wọlé, tí ó sì ń há bí ẹnu ayùn nígbà tí a rà á bọ̀ síta, aláímẹ́ǹtì ọkọ̀ ti yà. Bí ojú táyà bá ní kòtò wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ihò ọpọ́n ayò, ṣọ́ọ̀kì àbúsọ́bà ti kú, tàbí kí táyà náà má ní bàláǹsì: kì í yí lórí títì mọ́, ńṣe ló ń fò tó sì ń bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló tẹ́ pẹrẹsẹ, ìjánu tó há mọ́ra ló wọ́ táyà lórí títì láìjẹ́ kí ó yí.

Àmì wọ̀nyí máa ń dàpọ̀. Dánfó tó ń gbé èrò ju iye tó yẹ lọ, tó ń gun etí kọnkéré gọ́tà láti gbé èrò, tó sì ń já sínú kòtò lójoojúmọ́, lè ní èjìká tó jẹ nítorí ẹrù àti ẹ̀gbẹ́ inú tó jẹ nítorí irin tó tẹ̀. Ẹni tó ń ka irú táyà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi táyà ọ̀tún wé ti òsì. Ohun tó bá ṣe méjèèjì dọ́gba sábà máa ń jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tàbí ẹrù. Ohun tó bá ṣe ọ̀kan ṣoṣo sábà máa ń jẹ́ ti irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Títún ìdí rẹ̀ ṣe

Táyà tuntun tí a wọ̀ sórí irin tó tẹ̀ yóò jẹ bí ti àtijọ́, yóò sì jẹ kíákíá. Ìṣirò kékeré kan fi èyí hàn. Bí táyà iwájú kan bá yà kúrò lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀ ní ìwọ̀n dígírì kan péré, nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó bá rìn, títì yóò ti wọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí mítà 17. Nínú ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tí dánfó tó ń lọ tó ń bọ̀ lè rìn lọ́jọ́ kan, wíwọ́ náà ti tó kìlómítà kan àti mítà ọgọ́rùn-ún méje. Kò sí rọ́bà tó lè fara da irú ìyẹn pẹ́.

Nítorí náà, aláímẹ́ǹtì kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a náwó lé. A kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ sókè pẹ̀lú jáàkì, kí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí a mì í, kí a tún di í mú lọ́tùn-ún àti lósì kí a mì í. Bí ó bá ń yẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, béárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni; bí ó bá ń yẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ó lè jẹ́ táí-rọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ṣe aláímẹ́ǹtì sórí irin tó ń yẹ̀ ti wọn ohun tí kò dúró sójú kan. Ọkọ̀ náà yóò tún yà kí ó tó dé ìdíkọ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ dánfó kọ́ ló ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó fún ẹni tó ni ín, yálà èrò wọlé tàbí kò wọlé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì jẹ́ ọjọ́ tí owó náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Táyà tòkunbọ̀ kan tí wọ́n wọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá dà bí ohun tó dínwó. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá jẹ táyà mẹ́ta láàárín àkókò tí ó yẹ kí ó fi lo ẹyọ kan, owó táyà mẹ́ta ti jáde, irin tó tẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí àdéhùn bá ti fi owó irin abẹ́ ọkọ̀ sọ́rùn ẹni tó ni ọkọ̀, tó sì fi owó táyà sọ́rùn awakọ̀, kò yani lẹ́nu pé táyà ni wọ́n máa ń pààrọ̀.

Ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà

Ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìwé. Nọ́ńbà tó ga jù níbẹ̀ ni ìwọ̀n táyà. Nínú 195/70R15C, 195 jẹ́ ìbú táyà ní mìlímítà, 70 jẹ́ gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún ìbú náà, R sọ pé okùn inú rẹ̀ gba òòró láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, irú èyí tí iléeṣẹ́ Michelin gba ìwé ẹ̀tọ́ àwárí rẹ̀ ní 1946, 15 sì ni ìwọ̀n ìdábùú òbìírí rímù ní ínǹṣì. Lẹ́tà C tó wà lẹ́yìn jẹ́ ti ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù kékeré, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni nọ́ńbà ẹrù máa ń wà, bí àpẹẹrẹ 104/102R. Nọ́ńbà 104 dúró fún 900 kílò lórí táyà kan nígbà tí táyà bá dá wà. 102 dúró fún 850 kílò nígbà tí wọ́n bá so táyà méjì pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́tà R dúró fún eré tí kò gbọdọ̀ ju 170 kìlómítà ní wákàtí kan. Eré kì í ṣe ìṣòro dánfó láàárín Ojúẹ̀lẹ́gba àti Yaba, ẹrù ni.

Kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí dánfó kan bá wọn 1,700 kílò lófìfo, tó sì gbé èrò mẹ́rìnlá, awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́, tí a sì ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí 70 kílò, àwọn ènìyàn náà jẹ́ 1,120 kílò, gbogbo rẹ̀ sì di 2,820 kílò láìka ẹrù ọjà mọ́ ọn. Bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo yìí bá wà lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bí 846 kílò. Táyà 104 lè gbé e, àyè díẹ̀ sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ kékeré kan wà tó wọ́pọ̀ gidi, 195/65R15 tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ jẹ́ 91. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, rímù rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, lójú ẹni tí kò ka ẹ̀gbẹ́ táyà kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ẹrù tó lè gbé jẹ́ 615 kílò. Dánfó tó bá wọ̀ ọ́ sẹ́yìn ti fi 231 kílò lé e lórí ju agbára rẹ̀ lọ kí ìyá ọlọ́jà kankan tó gbé àpò ìrẹsì wọlé.

Nọ́ńbà ọjọ́ ìbí táyà ni ó kẹ́yìn. Níbi tí a bá ti rí lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní òpin rẹ̀ sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà: 3518 jẹ́ ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2018. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó máa ń jẹ́ kí ọdún 2000 tó dé, nítorí náà táyà tó bá ní nọ́ńbà mẹ́ta kò yẹ lórí ọkọ̀ kankan mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọjọ́ ìbí yìí sí. Bí kò bá sí ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí olùrà yí táyà wo ẹ̀gbẹ́ kejì.

Táyà tòkunbọ̀

Láti àwọn ọdún 1960 ni Nàìjíríà ti ń ṣe táyà fúnra rẹ̀. Dunlop ní iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà, Michelin sì ní tirẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin ti tirẹ̀ ní 2007, Dunlop sì dá iṣẹ́ ṣíṣe táyà dúró ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà. Owó iná mànàmáná àti táyà olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun wà lára ohun tí wọ́n kà sí ìdí. Igi rọ́bà ṣì wà ní Oǹdó, Ẹdó àti Delta. Oje rẹ̀ tó bá ti orílẹ̀-èdè yìí jáde, tí wọ́n fi ṣe táyà ní òkè òkun, tí wọ́n lò níbẹ̀ tán, tí wọ́n sì kó padà wá sí Mushin, ti jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin kò fọwọ́ sí i. Táyà àlòkù wà nínú àwọn ọjà tí ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè Nàìjíríà fi òfin de kíkó wọlé, àyàfi àwọn táyà ńlá ti ọkọ̀ akẹ́rù láti ìwọ̀n 11.00 x 20 sókè tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀ kò ṣòro láti rí wọn ní gbangba. Wọ́n ń wá nítorí pé ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí òfin ti ka mìlímítà 1.6 sí òpin eyín táyà, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ máa ń bọ́ táyà kí ó tó dé ibẹ̀. Eyín tó kù yìí ni ọjà tòkunbọ̀ ń tà.

Eyín sì ni ohun tó ń tan olùrà jẹ. Rọ́bà máa ń gbó bí kò bá tilẹ̀ rìn. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń mú un le, ó ń la wẹ́wẹ́, rọ́bà tó so wáyà inú pọ̀ sì ń tú díẹ̀díẹ̀ láìhàn síta. Ooru a sì máa mú gbogbo rẹ̀ yá. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC àti àjọ SON tó ń mójú tó ìjójúlówó ọjà ti ń kìlọ̀ pé kí táyà má ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ní Britain, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 2021, òfin de táyà tó bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ ní iwájú bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyàtọ̀ ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá tóbi, ṣùgbọ́n ooru Èkó kì í ṣe ooru Lọ́ńdọ́nù, ìwọ̀n tí Nàìjíríà yàn kò sì ṣe aláìnídìí. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé táyà tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́rin ní òkè òkun ti pé ọjọ́ orí rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó o wá tún ń bà á jẹ́. Àjọ SON ti gba ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú ara wọn lọ́wọ́ àwọn tó kó wọn wọlé, kí ọ̀pọ̀ lè wọ inú kọ̀ǹténà kan. Títẹ̀ yìí kan tuntun àti àlòkù. Wáyà etí táyà, tó ń di rímù mú, lè ṣẹ́ tàbí kí ó ká, bí wọ́n bá sì fa táyà náà jáde tí wọ́n nu ún, kò ní hàn. Ẹni tó bá ń ra táyà ní Ládípọ̀ ní Mushin, níbi tí ohun èèlò ọkọ̀ ti pọ̀, lè fi ọwọ́ tọ inú etí táyà yíká. Ibi tó bá ká tàbí tó bá wú jẹ́ ìdí tó tó láti kọ̀ ọ́. Kí ó tún wo inú táyà fún àmì ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, kí ó sì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún kókó. Kókó ní ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ibi tí okùn inú ti já tí rọ́bà nìkan sì ń di afẹ́fẹ́ mú. Ilà tó bá jìn jù, tí etí rẹ̀ kò sì ṣe déédéé, lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin gbígbóná gbẹ́ sójú táyà tó ti dán.

Kì í ṣe dánfó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 2016, James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn kan lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àbọ̀ ìwádìí FRSC mẹ́nu ba eré àsápajúdé àti táyà ẹ̀yìn tó bẹ́.

Ríra wọn ní méjì

Táyà méjì tó wà ní iwájú gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, méjì tó wà lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, ní ìwọ̀n, ní irú àti ní jíjẹ. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò máa fà sí apá kan, pàápàá nígbà tí a bá tẹ bíréèkì nínú òjò. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó ẹyọ kan ṣoṣo lè lo táyà ìpamọ́ tí jíjẹ rẹ̀ súnmọ́ ti tuntun náà láti fi ṣe èkejì rẹ̀, bí ọjọ́ orí ìpamọ́ náà kò bá tíì kọjá. Táyà tí R wà nínú ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú èyí tí kò ní R.

Bí ó bá jẹ́ méjì ni a rà, ẹ̀yìn ni àwọn tó ń ṣe táyà gbà pé kí a wọ̀ ọ́ sí. Èyí máa ń ya àwọn awakọ̀ lẹ́nu, nítorí iwájú ni ọwọ́ ọkọ̀ wà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ yọ̀ lórí omi ṣì ń lọ síwájú, awakọ̀ sì lè dín eré kù. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀ yóò yí padà kí ó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lórí dánfó, ẹ̀yìn náà ló sì ń gbé ẹrù jù. Táyà tí a bá gbé sí iwájú kò gbọdọ̀ ti kọjá òpin rẹ̀ ṣá o.

Ọkọ̀ tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀

Irú ọkọ̀ kan wà tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn. Ní Èkó, a máa ń rí jẹnẹrétọ̀ ńlá àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká tí wọ́n gbé lé táyà méjì tí wọ́n sì ń fà lọ síbi òde ìnáwó. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé ń fa ilé kékeré bẹ́ẹ̀ lọ sí inú igbó láti lo ìsinmi. Táyà wọn ń jẹ láìdọ́gba bí ti dánfó, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé wọn kò ní ọwọ́ ọkọ̀, nítorí náà kò sí táí-rọ́ọ̀dù tí a lè fi tún aláímẹ́ǹtì wọn ṣe. Bí ẹ̀gbẹ́ inú táyà méjèèjì bá ń jẹ, ọ̀pá irin tó so wọ́n pọ̀ ló ti tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín nítorí ẹrù, tí orí táyà méjèèjì sì ti fì sí ara wọn. Ẹni tó ń jó irin tó mọṣẹ́ ló lè tún un ṣe, tàbí kí a pààrọ̀ ọ̀pá náà. Bí irú ọkọ̀ yìí bá ní ọ̀pá méjì, tí a sì so ó ga jù tàbí kí ó tẹrí sísàlẹ̀ jù níwájú, ọ̀pá kan yóò gbé ẹrù ju èkejì lọ, táyà ibẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ jẹ.

Èkejì ni pé kò sí ẹni tó jókòó lórí wọn. Awakọ̀ kì í mọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn bá ń jò, àyàfi nígbà tó bá rí èéfín nínú dígí. Ẹ̀kẹta, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni pé wọ́n máa ń dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú oòrùn. Ọjọ́ orí ló sábà máa ń pa táyà wọn kí eyín tó tán. Ní Amẹ́ríkà, táyà pàtàkì wà fún wọn, tí lẹ́tà ST ṣáájú ìwọ̀n rẹ̀, bí ST205/75R15. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le láti gbé ẹrù tó dúró sójú kan. Táyà ST tí òǹtẹ̀ ẹrù rẹ̀ jẹ́ C máa ń gba psi 50, èyí tó jẹ́ D sì ń gba 65. Wọn kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Táyà tí C wà lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀ ni ó súnmọ́ ọn jù, bí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ bá ti tó. Táyà ST kò gbọdọ̀ wà lórí dánfó tàbí ọkọ̀ kankan tó ń gbé ènìyàn, nítorí a kò ṣe é fún ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì àti ọwọ́ ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti wọ̀ ọ́

Òwúrọ̀ ni a ń wọn afẹ́fẹ́, nígbà tí ọkọ̀ bá ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, nítorí táyà tó ti rìn ti gbóná, ooru sì ti fi kún ohun tí géèjì ń kà. Ẹni tó bá yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú táyà gbígbóná nítorí pé géèjì ga yóò bá a ní rírọ̀ ní ọjọ́ kejì. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Iye tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà ni èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá. Fáàfù rọ́bà náà yẹ kí ó jẹ́ tuntun nígbàkigbà tí a bá pààrọ̀ táyà. Kò wọ́n, òun sì ni ó ń di gbogbo afẹ́fẹ́ inú táyà mú.

Nọ́ọ̀tì táyà gbọ́dọ̀ tún di lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn tó kìlómítà 50 sí 100. Lẹ́yìn 1,000 kìlómítà, tí dánfó lè rìn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí a tún fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà wọlé, kí a rà á jáde. Eyín táyà kò tíì ní dínkù tó ohun tí ojú lè rí nígbà náà, ṣùgbọ́n bí irin abẹ́ ọkọ̀ kò bá tíì tọ́, etí eyín náà yóò ti máa há mọ́ ọwọ́.